Owó káńsù àti ọ̀nà oko: kí ni ìdájọ́ òmìnira ìjọba ìbílẹ̀ mú wá fún ará abúlé?

Lọ́jọ́ ọjà wa, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ti máa ń dé. Á há báàgì sí abíyá, á fi bírò sí etí, ìwé tíkẹ́ẹ̀tì á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tó gbé agbọ̀n ata kan ṣoṣo kalẹ̀, ó já tirẹ̀ fún un. Ẹni tó fi ọmọlanke kó gààrí wá, ó já tirẹ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn, owó káńsù ni. Bí èèyàn bá sì fẹsẹ̀ rìn láti ibi tí ọkùnrin náà dúró sí fún bí ogún ìṣẹ́jú, yóò dé odò kékeré kan tó gé ọ̀nà oko wa sí méjì. Igi mẹ́rin la tò sórí rẹ̀, a to pákó lé wọn. Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ọkọ̀ akẹ́rù ò lè kọjá. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá wú ní òdìkejì á máa bàjẹ́ nínú àpò, ọlọ́kadà á máa kó o díẹ̀díẹ̀, owó ọ̀kadà á sì ti jẹ èrè àgbẹ̀ tán kí ẹrù tó dé ọjà. Kọ́fàtì kan, afárá kékeré tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, là ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ tó gba orí rédíò láti ọdún 2024, ìyẹn òmìnira ìjọba ìbílẹ̀, àárín tíkẹ́ẹ̀tì yẹn àti odò yẹn ló wà. Gbogbo wa la gbọ́ pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́. Ohun tí ilé ẹjọ́ náà sọ gan-an, ọ̀nà tí owó ń gbà kó tó dé káńsù, àti ohun tí àwa tí à ń gbé lóko lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, ìwọ̀nba èèyàn ló ṣàlàyé rẹ̀ fún wa.

Ìwé òfin ọdún 1999 ka ìjọba ìbílẹ̀ 768, ó fi mẹ́fà ti Àbújá kún un, ó di 774. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ti ìwọ̀ oòrùn gúúsù ní 137 nínú wọn: Ọ̀yọ́ ní 33, Ọ̀ṣun ní 30, Èkó àti Ògùn ní 20 ọ̀kọ̀ọ̀kan, Oǹdó ní 18, Èkìtì ní 16. Ìwé òfin yẹn náà to iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran àti itẹ́ òkú wà lábẹ́ wọn. Ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, iná ojú pópó, kíkó pàǹtí àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ènìyàn náà wà lábẹ́ wọn. Àwọn ló ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, àwọn ló ń forúkọ òkú sílẹ̀. Títí dórí láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́, ọmọlanke àti ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, iṣẹ́ tiwọn ni. Wọ́n sì tún ń bá ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá, ọwọ́ káńsù ni ìwé rẹ̀ ti ń wá. Àgbà tó kú lónìí, ọwọ́ káńsù náà ni ilẹ̀ ìsìnkú rẹ̀ wà. Ìjọba wo ló tún sún mọ́ èèyàn jùyẹn lọ?

Àwọn àgbà ìlú wa ṣì ń sọ̀rọ̀ wolé-wolé, òṣìṣẹ́ káńsù tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ó ń bọ̀, gbogbo ìyàwó ilé ló ń sáré gbá ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n ń da omi ìkòkò tó ti pẹ́ nù, nítorí tó bá rí ìdin ẹ̀fọn níbẹ̀, ẹjọ́ ni. Àwọn èèyàn bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n mọ ọjọ́ tó ń wá, wọ́n sì mọ ohun tó wá wò. Mo máa ń rò ó pé káńsù ìgbà yẹn, pẹ̀lú gbogbo líle rẹ̀, ní ojú tí a lè dá mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà oko kì í sì í ṣe ti àná. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde ní ìpínlẹ̀ ìwọ̀ oòrùn lọ́dún 1968 sí 1969, tí à ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà, owó orí ni ayé rántí: òkè mẹ́fà la ó san, òkè mẹ́fà ò dín, òkè mẹ́fà ò lé. Ọgbọ̀n ṣílè nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó orí nìkan kọ́ ni wọ́n béèrè. Wọ́n ní kí wọ́n tún ọ̀nà abúlé ṣe, wọ́n sì ní kí wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tó ń ni wọ́n lára kúrò. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn kò padà wá sọ́dọ̀ wọn, òun ló bí wọn nínú. Nígbà tí ìjọba ológun ṣe àtúntò lọ́dún 1976, tí wọ́n sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ìpele kẹta ìjọba jákèjádò Nàìjíríà, ohun tí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ ni pé kí ìjọba dé ọ̀dọ̀ ará abúlé.

Ẹ wá jẹ́ ká tẹ̀lé owó náà láti Àbújá. Lóṣooṣù ni ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ ń pàdé láti pín owó tó wọ àpò gbogbogbòò. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà, ìjọba àpapọ̀ ń mú náírà 52 àti kọ́bọ̀ 68, àwọn ìpínlẹ̀ ń mú náírà 26 àti kọ́bọ̀ 72, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ pátá á wá pín náírà 20 àti kọ́bọ̀ 60 láàárín ara wọn. Nínú owó VAT, tó máa ń wà lórí ọjà tí a bá rà, ìpín 35 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ tiwọn. Owó kékeré kọ́.

Ṣùgbọ́n kì í lọ tààrà. Abala 162 ìwé òfin ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá àkáùntì àjùmọ̀ní sílẹ̀, kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ máa wọ ibẹ̀, kí ìpínlẹ̀ sì máa pín in fún wọn. Inú àkáùntì yìí ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì, owó àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, àti ìpín àwọn ọba. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni alága ń gbé lọ sí káńsù rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, ìgbà mìíràn wà tí kò ní ṣẹ́ ku nǹkan kan. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ìgbà náà mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní “zero allocation” dáadáa. Kò sí ohun tó burú nínú kí a san owó tíṣà. Ohun tó burú ni pé, bí owó bá ti wọ àkáùntì yẹn, gómìnà lè sọ pé iṣẹ́ kan wà tí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ máa jọ dáwó ṣe, alága tí gómìnà fi síbẹ̀ kò sì ní lè sọ pé rárá. Tó bá sì jẹ́ pé kì í ṣe ìdìbò ló gbé alága wọlé, tó jẹ́ pé ìgbìmọ̀ fìdíhẹ ni, ta ni yóò bá gómìnà jà?

Ìyẹn ni Agbẹjọ́rò Àgbà fún ìjọba àpapọ̀, Lateef Fagbemi, gbé lọ sí ilé ẹjọ́ lọ́dún 2024, tó pe gbogbo ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú tàbí láti ná an fún un. Adájọ́ Emmanuel Agim ló ka ìdájọ́ náà. Àlàyé wọn ni pé aṣojú lásán ni ìpínlẹ̀ lórí àkáùntì náà: ohun tí òfin ń fẹ́ ni kí owó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, bí aṣojú bá sì ń jẹ ẹ́, kí wọ́n san án fún ẹni tó ni ín tààrà. Ìkejì, wọ́n ní ìgbìmọ̀ fìdíhẹ lòdì sófin, àti pé ìjọba ìbílẹ̀ tí kò bá ní aṣojú tí aráàlú dìbò yàn kò gbọ́dọ̀ rí owó gbà.

Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo pe ìyá mi, wọ́n ní, “Ṣé wọ́n á wá ṣe odò wa báyìí?” Mo ní ó dà bíi pé wọ́n á ṣe é.

Ní oṣù Kẹjọ, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, tí akọ̀wé àgbà ìjọba ń darí, láti mú ìdájọ́ náà ṣẹ. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa kí káńsù kọ̀ọ̀kan ṣí àkáùntì sí báńkì àpapọ̀. Oṣù ń gorí oṣù, owó ṣì ń gba ojú ọ̀nà àtijọ́. Ní Anambra, òfin tuntun jáde lóṣù Kẹwàá ọdún 2024 tó tún ní kí káńsù máa dá owó padà sínú àkáùntì àjùmọ̀ní. Ọ̀rọ̀ owó tíṣà pẹ̀lú kò tíì ní ìdáhùn. Ẹni tó bá ní kí owó lọ sí káńsù tààrà, tí kò sọ ẹni tí yóò máa san owó tíṣà lóṣooṣù láì pẹ́ ẹ, kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Mo mọ tíṣà tó ń gun ọ̀kadà wọ abúlé wa lójoojúmọ́, n kò fẹ́ kí kọ́fàtì wa dí owó oṣù rẹ̀.

Ohun tí ìdájọ́ náà mú yá kíákíá ni ìdìbò. Kwara dìbò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Ògùn ní oṣù Kọkànlá, Oǹdó ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Ní gbogbo wọn, ẹgbẹ́ gómìnà ló gba ipò alága gbogbo: mẹ́rìndínlógún nínú mẹ́rìndínlógún, ogún nínú ogún, méjìdínlógún nínú méjìdínlógún. Àjọ tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ló ń ṣe ìdìbò náà. Alága tó bá gbà bẹ́ẹ̀ wọlé mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀, kì í sì í ṣe ìyá aláta ni.

Ọ̀ṣun ló fi ewu ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí APC wà nílé ìjọba, APC gba gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 30. Ilé ẹjọ́ fagi lé ìdìbò yẹn. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kejì, ọdún 2025, tí PDP wà nílé ìjọba, PDP gba gbogbo 30. Láàárín kan, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti dájọ́ kan ní oṣù Kejì yẹn tí àwọn alága àkọ́kọ́ fi ní àwọn ti padà sípò. Wọ́n gbìyànjú láti wọ ọ́fíìsì, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò. Lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù jókòó sílé. Ìpínlẹ̀ gbé ẹjọ́ lọ, ní ọjọ́ 5, oṣù Kejìlá, ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ìpínlẹ̀ kọ́ ló yẹ kó pe ẹjọ́ náà nítorí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ló ni owó, ṣùgbọ́n ó bá ìjọba àpapọ̀ wí pé dídá owó náà dúró kò bófin mu.

Èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí Èkó dá káńsù 37 kún 20 tó wà nínú ìwé òfin, Ààrẹ Ọbásanjọ́ dá owó wọn dúró lọ́dún 2004. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ààrẹ ò ní agbára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó di ọdún 2007, lábẹ́ ààrẹ mìíràn, kí owó náà tó jáde. Ẹni tó jìyà ọdún mẹ́ta yẹn kì í ṣe ààrẹ, kì í ṣe gómìnà.

Nǹkan kan wà tí a kì í gbọ́ nínú gbogbo ariwo yìí, tó sì kan ará oko ju owó lọ: ilẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìgboro sábẹ́ gómìnà, ó fi ilẹ̀ tí kì í ṣe ìgboro sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Káńsù lè fún ẹnìkan ní ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ oko tó tó hẹ́kítà 500 fún ọ̀gbìn, àti hẹ́kítà 5,000 fún jíjẹko ẹran, láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Hẹ́kítà 500 tó bíi pápá bọ́ọ̀lù 700. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ẹbí mi pé tí àjèjì bá wọ ọkọ̀ ńlá wá sí abúlé, tó ní òun ti gba ìwé, kí wọ́n má wulẹ̀ máa wo ojú baálẹ̀ nìkan. Kí wọ́n lọ béèrè ní káńsù. Òfin yẹn náà ní kí ìgbìmọ̀ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ilẹ̀ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Bí káńsù bá sì gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ àgbẹ̀ fún iṣẹ́ gbogbo ènìyàn, òfin ní kó san owó ohun tó wà lórí rẹ̀, kòkó, ọsàn, ilé, kànga. Kò tán síbẹ̀: kó fún un ní ilẹ̀ mìíràn tí yóò máa fi dáko. Abala kẹfà ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Mo ti bá àgbẹ̀ púpọ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, n kò tíì rí ẹyọ kan tó ti gbọ́ ọ rí. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ ló yàtọ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ lọ́dún 2003 pé ìpínlẹ̀ ló ni ètò ìlú, nítorí náà ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ ni ẹ ti máa gba ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọgbà káńsù ló wà.

Mo gbà pé ohun tó ń pa ará oko lára jù ni pé wọn kì í sọ fún un. Ìwé òfin, abala keje, ní kí káńsù máa kópa nínú ètò ìdàgbàsókè agbègbè rẹ̀, kí ìpínlẹ̀ sì ṣe òfin láti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ètò ọrọ̀ ajé náà. Ní agbègbè tiwa, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi ọjọ́ tí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ jókòó. Lọ́dọọdún ni àwọn káńsẹ́lọ̀ ń bu ọwọ́ lu ètò ìṣúná, a kì í mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Láyé bàbá mi, akígbe á lu agogo lálẹ́, á ní “Káńsù ní kí ń kí yín o,” á sì sọ ohun tí káńsù wí. Lónìí, fọ́tò alága níbi ìgbéyàwó ló ń dé orí fóònù wa.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ wa. Òfin òmìnira láti gba ìròyìn ti ọdún 2011 gba ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, láì sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń jiyàn tẹ́lẹ̀ pé òfin náà kò kan àwọn, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi sọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé ó kan gbogbo ìpele ìjọba. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ náà lè béèrè: ó lè rán ẹlòmíràn, tàbí kó fẹnu sọ ọ́, òfin sì ní kí òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn fún àwọn bàbá àti ìyá yín nílé.

Àwa márùn-ún la jókòó lábẹ́ igi ọ̀dán ní abúlé wa, a kọ lẹ́tà olójú ewé kan sí káńsù. Ohun mẹ́ta péré la béèrè: ètò ìṣúná ọdún yìí ní apá tó kan wọ́ọ̀dù wa, iye tó wọlé láti inú tíkẹ́ẹ̀tì ọjà wa ní oṣù mẹ́fà, àti ibi tí wọ́n fẹ́ ṣe kọ́fàtì sí. Bàbá kan tó jẹ́ olórí àwọn àgbẹ̀ tẹ ìka rẹ̀ sí i. A mú ẹ̀dà méjì lọ, akọ̀wé lu òǹtẹ̀ sí tiwa, ó kọ ọjọ́ sí i. Ọjọ́ keje kọjá. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n pè wá, wọ́n fún wa ní ojú ewé méjì. Kò sí iye owó tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́fàtì kan wà lóòótọ́ nínú wọ́ọ̀dù wa, pẹ̀lú owó rẹ̀. Orúkọ odò tí wọ́n kọ síbẹ̀ jẹ́ ti abúlé kejì, odò tó ti ní afárá onísìmẹ́ńtì láti ọjọ́ pípẹ́.

Lẹ́tà kejì ti wọlé ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. Orúkọ odò tiwa la fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.